Ìlà Tó Gbẹ̀yìn Orin Màámi

Bàbá mi, olùkọ́ orin mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Láti òwúrọ̀ ni òjò ti ń rọ̀, irú òjò Port Harcourt tí ẹ máa ń sọ pé kò ní ilé tó fẹ́ lọ. Mo wà ní Borokiri, nínú pálọ̀ yín, lórí àga yín tó dojú kọ fèrèsé. Mo kọ́kọ́ nu àga náà kí n tó jókòó, nítorí èéfín dúdú àwọn tó ń fọ epo rọ̀bì ní bòókẹ́lẹ́, tó ń bọ́ láti ojú ọ̀run, kò tíì fi wá sílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ máa ń fi ìka fa ìlà sórí tábìlì, tí ẹ ó gbé ìka náà sókè fún mi wò, tí ẹ ó sì mi orí bí ẹni pé èmi ni mo da èéfín síbẹ̀. Mo fa ìlà náà lónìí. N kò rí ẹni tí n ó gbé ìka hàn.

Ìròyìn kan ló gbé mi dé ibí. Àwọn àgbà ìjọ ní kí n máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ akọrin bí a ṣe ń ṣẹ̀dá orin, ní ọ̀sán Sátidé. Mo ní n kò mọ iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n ní ta ló tún kù tó mọ̀ ọ́n bí kò ṣe ọmọ yín? Mo wá jókòó kí n lè to ohun tí n ó sọ fún wọn, kí n mọ èyí tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Àmọ́ èyíkéyìí tí mo bá gbé, ohùn yín ni mo ń gbọ́ nínú rẹ̀. Ọwọ́ mi kò gbé nǹkan kan. Mo ní kí n kúkú kọ̀wé sí yín.

Ẹsẹ̀ lẹ fi kọ́ mi lórin. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí ẹ bá ti ibi iṣẹ́ aṣọ́bodè dé láti èbúté, tí ẹ bọ́ aṣọ iṣẹ́ kọ́ sára ìṣó, ẹ ó na ọwọ́ sí mi pé ká lọ wo omi. A ó máa rìn lọ sí etí odò, ẹ̀yin pẹ̀lú orín lẹ́nu, èmi pẹ̀lú sálúbàtà tó tóbi ju ẹsẹ̀ mi lọ. Ẹ ó ní kí n má sọ̀rọ̀, kí n máa gbọ́ ẹsẹ̀ wa. Ẹsẹ̀ yín á balẹ̀ gbì, tèmi á sáré balẹ̀ péré-péré kí n lè bá yín. Ẹ ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú kùn. Kí a tó dé ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́, orin ti wà.

"Ṣé o rí i?" ẹ ó wí. "Orin kì í ti ẹnu bẹ̀rẹ̀. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ ń mọ̀ ọ́n."

Ṣé ẹ rántí orin àkọ́kọ́ mi? Orin ìkórè. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì wà. Inú ilé ìdáná ni mo ti ń kọ ọ́ fún Màámi nìkan, mo sì ti mú un búra pé kò ní sọ fún yín. Nígbà tó di ọjọ́ tí mo fẹ́ fi hàn yín, mo dúró sáàárín pálọ̀ yìí, mo di ọwọ́ sẹ́yìn, mo kọ ọ́ síta: Olúwa, mo gbé ọkàn mi wá. Mo ti jí ohùn kan tó dùn gbé láti inú rédíò. Lórí "ọkàn" yẹn, mo rẹ ohùn sílẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, mo wá gbé e sókè níparí, nítorí ibẹ̀ dùn mọ́ mi létí.

Ẹ yọ orín kúrò lẹ́nu. "Ọ̀kan? Ọ̀kan kí ni? Ọ̀kan nínú mélòó? Ṣé o kó ìyókù pamọ́ sílé ni?"

Màámi rẹ́rìn-ín títí tó fi di ilẹ̀kùn mú. Mo bú sẹ́kún. Ẹ gbé mi sórí itan yín, ẹ ní kí Màámi gbé ife wá, ẹ bu omi sínú wọn, èyí kún, èyí dé àárín, èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní. Ẹ fi ṣíbí lù wọ́n títí ẹ fi rí dò, re àti mí. Ẹ wá ní, "Wí ọ̀rọ̀ náà. Má kọ ọ́. Wí i bí ìgbà tí o ń bá mi sọ̀rọ̀." Mo wí i: ọkàn. Ẹ lu re, ẹ lu dò. Ẹ ní kí n tún un wí. Re, dò. Ẹ ní, "Ọlọ́run ti fi orin sínú ọ̀rọ̀ kí ìwọ tó dé. Iṣẹ́ tìrẹ ni pé kí o má bà á jẹ́."

Ọmọ Port Harcourt ni mo jẹ́, Bàbá. Píjìn ni mo fi ń bá ẹgbẹ́ mi ṣeré, Píjìn ni mo fi ń jà. Yorùbá mi dà bí ìrẹsì tí wọn ò ṣà, òkúta wà nínú rẹ̀. Láti ọjọ́ ife yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èdè yín létí. N kò lè sọ ìgbà tí mo gbọ́ ọ tán, nítorí n kò tíì gbọ́ ọ tán.

Ìyókù, díẹ̀díẹ̀ lẹ fi ń já a fún mi, nígbà tí ẹ bá ń bó iṣu tàbí tí ẹ ń fi àìrọ́ọ̀nù sí ṣẹ́ẹ̀tì. Ẹ ní bí n kò bá lè wí ohun tí orin mi ń sọ ní gbólóhùn kan, kí n lọ jókòó, n kò tíì ní orin, ariwo ni mo ní. Ẹ ní lílé ni yàrá, ibẹ̀ ni ìtàn ń sùn, ẹni tó ń lé ló ni ín. Ègbè wá ni ilẹ̀kùn, kí ẹni tó pẹ́ dé lè rí ibi gbà wọlé, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ gùn, kò gbọ́dọ̀ le. Ẹ sì máa ń bínú sí orin tí kò ní ibi ìmí. "Ṣé o fẹ́ pa wọ́n ni?" Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń bi ẹnikẹ́ni tó bá kó ọ̀rọ̀ pọ̀ jù sórí ìlà kan.

Ẹ kọ orin fún gbogbo ayé. Ẹ kọ fún ìyàwó tuntun, ẹ kọ fún pásítọ̀ tó ń fẹ̀yìn tì, ẹ kọ ọ̀kan ní Píjìn fún àwọn tó ń ru ẹrù ní èbúté, tí wọ́n fi ń gbé àpò sọ́kọ̀. Màámi nìkan lẹ kò kọ fún. Ó máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀, bó bá ń po èbà: "Ilé olórin rèé, èmi nìkan ni n kò ní orin nínú rẹ̀." Ẹ ó ní ó ń bọ̀. Ẹ ó ní irú tirẹ̀ kì í ṣe ohun tí a ń fi ìkánjú ṣe. Ó ń bọ̀ yẹn la wà nígbà tí àìsàn mú un lọ, tí mo ṣì wà ní ilé ìwé girama, tí a sin ín síbí, sí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ẹnì kankan nínú yín.

Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì, àwọn ẹbí wá láti Èkìtì. Wọ́n ní ilé ń dúró dè yín, wọ́n ní kí ni ẹ tún ń ṣe láàárín omi. Mo gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò fún wọn, mo sì gbọ́ ohun tí ẹ fi dá wọn lóhùn: "Ta ni kí n fi ìyàwó mi tì?" Wọ́n mu ọtí wọn tán, wọ́n padà sí Èkìtì.

Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù yín, Eliozu ni mo wà, ní òdìkejì ìlú, nílé ọkọ mi. Mama Ibinabo ló rí yín, obìnrin Kalabari tó ń yan ẹja lẹ́yìn ilé wa. Ẹ ń kun bàtà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó sì rí yín nílẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan lọ́wọ́. Òun ló pè mí. Òun ló bá mi gbé yín wọ ọkọ̀. Nígbà tí ẹ fi padà wálé, ọwọ́ ọ̀tún yín ti kú, ọ̀rọ̀ sì ti lọ lẹ́nu yín. Ọ̀kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. "Àbí."

Bàbá mi, ẹ̀yin tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kan jókòó sí ibi tí kì í ṣe tirẹ̀, "àbí" ni wọ́n fi sílẹ̀ fún yín. Ẹ fẹ́ omi, àbí. Ẹ fẹ́ kí n ṣí fèrèsé, àbí. Ẹ ó wò mí, ẹ ó ṣí ẹnu, n ó rí i lójú yín pé odindi ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀, tó tò dáadáa, àbí ni yóò sì bọ́ síta. Ẹ ó wá fi ọwọ́ òsì lu apá àga yìí. Ibi tí ẹ ń lù ti ṣá. Ọwọ́ mi wà lórí rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ǹjẹ́ ẹ mọ̀ pé Mama Ibinabo ló kọ́kọ́ rí ọ̀nà? Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó ń fọ báàfù ẹja rẹ̀, ó ń kọ ọ̀kan nínú orin ìkórè yín, èyí tí gbogbo àdúgbò mọ̀, pẹ̀lú Yorùbá tirẹ̀ tí kò gbọ́ ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi wà lẹ́yìn ilé, mo ń fọ aṣọ yín. Ni mo gbọ́ igbe.

"My sister, come o! Papa dey sing! With mouth, I say with mouth!"

Mo sáré wọlé pẹ̀lú ọṣẹ lápá. Ẹ jókòó síbí. Ẹ ń kọrin. Gbogbo ọ̀rọ̀ ló pé, kò sí èyí tó ṣìnà, lílé àti ègbè. Mo kúnlẹ̀ síwájú yín títí ẹ fi kọ ọ́ tán. Mo ní, "Bàbá, ẹ kú orin!" Ẹ wò mí tayọ̀tayọ̀, ẹ ṣí ẹnu.

"Àbí," lẹ wí.

Nọ́ọ̀sì tó ń wá na apá yín ló là mí lóye. Ó ní ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà nínú ọpọlọ ló bàjẹ́, ó ní ti orin yàtọ̀, orin àtijọ́ lè gba ọ̀nà tirẹ̀ kọjá, ṣùgbọ́n kí n má retí ọ̀rọ̀ tuntun. Mo gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín kọ gbogbo orin tí mo mọ̀. Mo rò pé ibi tó máa mọ nìyẹn.

Ó wá di Sátidé kan, mo ń fi oúnjẹ sí yín lẹ́nu, ẹ yí ojú kúrò lára ṣíbí, ẹ fi imú kùn. Dò, mí. Kì í ṣe orin. Dò, mí. Ẹ wò mí.

Mo ní, "Ẹ̀fọ́? Ẹ fẹ́ ẹ̀fọ́ sí i?" Ẹ mi orí. Mo ní ìwé? Rárá. Dò, mí. Mo ń wo gbogbo inú yàrá, mo ń wá ohunkóhun tó bá lọ bẹ́ẹ̀. Ojú mi wá lọ sára fọ́tò tó wà lókè tẹlifíṣọ̀n.

"Ìyá?"

Omi bọ́ lójú yín. Ẹ tún kùn, re, re, ẹ sì fi ọwọ́ òsì kan ẹnu yín. Re, re. Ẹnu. Ọ̀nà ọ̀fun. "Orin? Orin ìyá? Bàbá, ṣé ẹ fẹ́ kọ orin fún Màámi?"

"Àbí!" ẹ kígbe. "Àbí! Àbí!" Ọjọ́ yẹn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà bọ́ sí ibi tó yẹ ẹ́.

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ń ṣiṣẹ́ ní ilé oògùn ní D-Line, mo ń tọ́ ọmọ ní Eliozu, síbẹ̀ bí mo bá ti rí àyè, Borokiri ni. Ẹ̀yin ó kùn, èmi ó wá ọ̀rọ̀. Inú bí yín sí mi! N kò mọ Yorùbá tó bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ̀. Ẹ kùn ègbè fún mi: dò mí, re mí re, ó dá díẹ̀, mí mí dò mí. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò pẹ́ mi, ìyá ilé mi. Ti ẹ̀yìn ló ṣòro. Mo gbìyànjú títí, mo wá rò pé mo ti rí i. Mo kọ ọ́ fún yín pẹ̀lú ìdùnnú: Ìyá ilé mi, dúró tì mí.

Ẹ mi orí. Ẹ nawọ́ sí fọ́tò, ẹ nawọ́ sí ilẹ̀, bí ẹni ń sọ pé níbo ló ti fẹ́ dúró tì mí? Ẹ tún un kùn, ohùn kan náà gẹ́lẹ́. Mo ronú. Ẹ nawọ́ sí ara yín, ẹ wá nawọ́ sí ọ̀nà ìta. Ó wá yé mi, mo sì fẹ́ kí ó má yé mi.

Dúró dè mí.

Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ẹ rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ mi orí sókè sódò pé bẹ́ẹ̀ ni. Kí ni mo lè ṣe? Mo kọ ọ́ bí ẹ ṣe fẹ́. Mo kọ ọ́ tán, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo jókòó ti Mama Ibinabo nínú èéfín ẹja rẹ̀ kí ó lè dà bí ẹni pé èéfín ló ń mú ojú mi ṣomi. Ó kàn ń yí ẹja.

Lílé tẹ̀ lé e. O bá mi sọdá odò. Èyí yá, nítorí ẹ fi ọwọ́ ya afárá fún mi, mo sì mọ ìtàn yín, bí Màámi ṣe kó ẹrù ìyàwó tẹ̀ lé yín gba orí Odò Ọya kọjá sí ìlú tí kò ti mọ ẹnì kan, nítorí pé ìjọba ní ibẹ̀ ni kí ẹ wá ṣiṣẹ́. Èyí tó tẹ̀ lé e ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Re dò, re mí, re. Ó ti sú mi. Àfi ọjọ́ tí Mama Ibinabo gbé ọbẹ̀ ẹja tútù wá, tí ẹ tọ́ ọ wò, tí ẹ fi ìka tọ́ka sí abọ́, re dò, re dò. Ó ní, "E no sweet? Salt too much?" Mo dìde lójijì. Iyọ̀! Mo rí Màámi níwájú mi, bó ṣe máa ń kán ọbẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, tí yóò gbé e wá fún yín ní pálọ̀ pé kí ẹ bá òun tọ́ ọ wò bóyá iyọ̀ tó, tí ẹ̀yin ó sì lá a lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú àlejò, tí ojú ó máa ti èmi. Iyọ̀ ọwọ́ rẹ ṣì wà lẹ́nu mi. Mo kọ ọ́ fún yín. Ẹ di ojú.

Ó wá ku ìlà kan. Ẹ fi ìka kan hàn mí pé ọ̀kan ló kù. Ẹ kò tètè kùn ún fún mi. Ẹ ń tọ́jú rẹ̀, ẹ ń gbé e yípo lẹ́nu, mo ń rí i lọ́nà ọ̀fun yín.

Ọjọ́ yẹn, òjò irú ti òní ni. Ilé ìwé ọmọ mi pè mí pé omi ti ń wọ ọgbà, kí gbogbo òbí wá mú ọmọ wọn. Mo pe kẹ̀kẹ́, ó dé ẹnu ọ̀nà. Mo ti bọ bàtà, mo ti mú agbòòrùn, ọwọ́ mi wà lórí ilẹ̀kùn. Ẹ kùn ún. Òjò ń lu páànù, kẹ̀kẹ́ sì fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan náà, fèrè yẹn bo ohùn àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ dájú ni: re, mí, re. Ohùn kan ṣáájú wọn. Mo yíjú padà. Ojú yín tutù, bí ojú ẹni tó ti gbé ẹrù rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, ẹ fi í pamọ́ sẹ́nu, mò ń bọ̀ wá gbà á."

Ẹ gbé ọwọ́ òsì sókè sí mi.

Omi ti bo ọ̀nà. Nígbà tí mo fi gbé ọmọ mi kúrò nínú ẹ̀kún omi, tí a fi rí ọkọ̀ tó gbà láti kó wa wá sí Borokiri, Mama Ibinabo ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yín, ó ti tú gèlè. Mo mọ̀ kó tó ṣí ẹnu.

Mo bi í, Bàbá. Òkú yín wà nínú yàrá, ohun tí mo ń bèèrè nìyẹn. Ṣé ẹ tún un kùn? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. "E dey sing am small small till e close eye. E no fear. My sister, e no fear at all." Mo ní kó bá mi kùn ún. Ó kùn ún. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà lókè. Mo ní kó tún un kùn. Lọ́tẹ̀ yìí, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà láàárín. Mo dì í lápá mú, mo ní, "Which one? E dey up abi e dey middle?" Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti yí. "No be the same thing?"

Kì í ṣe ohun kan náà. Ó sì jẹ́ ohun kan náà fún ẹnikẹ́ni tí ẹ kò fi ife mẹ́ta kọ́ lédè.

Ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, àbúrò yín obìnrin wá láti Adó. Mo kọ orin náà fún un, mo kùn ìlà tó gbẹ̀yìn. Kò tilẹ̀ ronú. "Mo ti dé o," ló wí. "Kí ló tún lè jẹ́? Ẹni tó ní kí ìyàwó òun dúró de òun, kí ló máa wí bó bá dé ẹnu ọ̀nà?" Ó dára létí. Ó bá orin mu. Gbogbo ilé sì gbà á, ọ̀gá akọrin fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Èmi ni kò lè gbà á. Nítorí ojú tí ẹ fi wò mí, Bàbá. Ẹ kò wo fọ́tò. Èmi lẹ wò. Bí ó bá jẹ́ re ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí ló dé tí kò fi lè jẹ́ "O ti tó o"? Pé èmi ọmọ yín tí Yorùbá rẹ̀ kún fún òkúta, mo ti tó o, mo ti lè kọ orin, ẹ lè lọ? Bí ó bá sì jẹ́ mí ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, "Ó ti tó o" ni. Ó ti rẹ̀ yín. Ìyà yẹn ti tó, àbí yẹn ti tó.

Nígbà tí a gbé yín dé ẹ̀gbẹ́ Màámi, èmi ni mo lé orin. Mo lé e dé ibi iyọ̀, n kò subú. Mo ti sọ fún àwọn akọrin pé kí a má fi ọ̀rọ̀ sí ìlà tó kù, kí a kàn kùn ún. Àbúrò yín bínú, ó ní a kì í fi ihò sílẹ̀ nínú orin òkú. A kùn ún síbẹ̀. Àwọn tó wà lẹ́yìn gbé e: àwọn ará èbúté, àwọn ará àdúgbò, Ikwerre, Igbo, Kalabari, àwọn tí wọ́n ti dákẹ́ láti ìgbà tí a ti ń fi Yorùbá kọrin. Wọ́n kùn ún lọ, wọ́n kùn ún bọ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń lọ sókè lẹ́nu àwọn kan, ó wà láàárín lẹ́nu àwọn mìíràn. Mo dúró sí etí kòtò, mo ń fetí wá yín láàárín wọn, n kò rí yín.

Ní àná, ọmọ mi ń kọ orin náà bó ṣe ń wẹ̀. Ó kọ ọ́ dé òpin, ó pè mí. "Mummy, wetin Grandpa talk for there?" Mo ní n kò mọ̀. Ó da omi sórí, ó nu ojú. "Ask am now."

Bó ṣe wí i nìyẹn, bí ẹni pé ẹ wà ní yàrá kejì. Mo wá bèèrè, Bàbá mi. Èwo ni?

Bí ó bá jẹ́ pé "Mo ti dé o" ni, ẹ bá mi kí Màámi. Ẹ sọ fún un pé orin rẹ̀ ti wà, pé gbogbo Borokiri ló ń kọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ pé "Ó ti tó o" ni, mo gbà fún yín. Mo rí bó ṣe rẹ̀ yín tó, n kò ní fi ẹkún fà yín láṣọ. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé "O ti tó o" lẹ wí, tí ó jẹ́ èmi lẹ wí i fún, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á padà.

N kò tíì tó.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń tẹ́tí.